Ampilifáyà gìtá báàsì alágbèéká

Ampilifáyà gìtá báàsì alágbèéká jẹ́ ẹ̀rọ fífúyẹ́ tí ó ń gbé ohùn gìtá báàsì sókè. Ní ọdún 1969, ilé-iṣẹ́ Ampeg ní Amẹ́ríkà gbé SVT jáde. Agbára rẹ̀ jẹ́ wáàtì 300, ṣùgbọ́n ó wúwo púpọ̀. Ampilifáyà class D òde òní kì í sọ iná púpọ̀ di ooru, tiransifọ́mà rẹ̀ sì kéré, nítorí náà ọ̀pọ̀ wọn kò wúwo tó kìlógíráàmù 3. Mágínẹ́ẹ̀tì neodymium sì ń mú kí àpótí sípíkà fúyẹ́.

Bí a bá ń yan àpótí, a gbọ́dọ̀ wo óòmù, èyí tí í ṣe òṣùwọ̀n ìdènà iná. Àpótí méjì olóòmù 8 tí a so mọ́ ampilifáyà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn di óòmù 4. Bí iye yìí bá kéré sí èyí tí a kọ sára ampilifáyà náà, ó lè jó.