Oorun Ojú Àjò: Ẹni tí ó Gbé Ilé Rẹ̀ Dání àti Ẹni tí ó Wọ̀ Sílé Baálé ní Ìlọrin

Ọ̀rọ̀ oorun ni mo gbé wá lónìí, oorun ẹni tí ó wà lójú àjò. Ẹni tí ó bá kó ẹrù láti ọ̀nà jíjìn wá sí Ọjà Tuntun ní Ìlọrin, tí ilẹ̀ sì ṣú bá a, ọ̀nà méjì ni ó wà níwájú rẹ̀. Ó lè sùn sínú ọkọ̀ tí ó gbé ẹrù rẹ̀ wá, kí ó fi àpò ṣe ìrọ̀rí. Ó sì lè lọ sanwó yàrá ní ilé ìtura. Ti àkọ́kọ́ dà bí ọ̀fẹ́, ti èkejì ń náni lówó. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ ìtàn ìlú Ìlọrin wò, a ó rí i pé àwọn tí wọ́n ti ṣe ìṣirò yìí ṣáájú wa kò wo owó yàrá nìkan. Wọ́n mọ̀ pé ibi tí àlejò bá sùn sí ni yóò sọ ẹni tí yóò bá a tajà àti ẹni tí yóò dúró fún un bí ọ̀ràn bá dé.

Kí a tó wọ Ìlọrin, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo òkè òkun díẹ̀. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn kan wà tí ọkọ̀ wọn gan-an jẹ́ ilé wọn bí wọ́n bá ń rìnrìn àjò: ibùsùn wà nínú rẹ̀, ibi ìdáná wà níbẹ̀, omi kò sì gbẹ́yìn. Iléeṣẹ́ Pierce-Arrow gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde ní ọdún 1910. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1925, wọ́n ṣí ilé àlejò kan fún àwọn awakọ̀ ní San Luis Obispo, ní ìpínlẹ̀ California. Ẹni tí ó bá wọ̀ síbẹ̀ lè gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí ìtòsí yàrá tí yóò sùn. Wọ́n so ọ̀rọ̀ motor pọ̀ mọ́ hotel, ó sì di motel. Títí di òní, àwọn ará ibẹ̀ ṣì ń jiyàn lórí èyí tí ó sàn jù: kí ènìyàn ra ilé tí ń rìn, tàbí kí ó máa sanwó yàrá lálaalẹ́.

Àríyànjiyàn náà dàgbà ju mọ́tò lọ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ilé tí mọ́tò ń fà lẹ́yìn ní caravan. Láti inú èdè Páṣíà ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, ọ̀wọ́ oníṣòwò tí wọ́n jọ ń rìn gba ọ̀nà jíjìn ni ó sì túmọ̀ sí níbẹ̀. Caravanserai, tí ó wá láti inú èdè kan náà, ni ilé ńlá tí irú ọ̀wọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń wọ̀ sí. Ọ̀wọ́ oníṣòwò wà ní ilẹ̀ tiwa náà, ilé tí wọ́n ń wọ̀ sí sì wà pẹ̀lú.

Èdè Yorùbá mọ ìyàtọ̀ àárín ibi ìsinmi kan sí òmíràn dunjú. Ibi tí aláàárù ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ kí ó lè sinmi ni ibùsọ̀. Nítorí pé irú ibi bẹ́ẹ̀ ni àwọn èrò fi ń wọn ọ̀nà, ọ̀rọ̀ náà di ìwọ̀n ọ̀nà jíjìn, a sì tún ń lò ó fún ibi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń dúró. Èyí tí arìnrìn-àjò fúnra rẹ̀ pa fún ìgbà díẹ̀ ni àgọ́. Ilé ẹlòmíràn tí a gbà wá sí ni ibùwọ̀, ẹni tí ó gbà wá sí i sì ni baálé wa. Ẹni tí ó sùn sí àgọ́ kò ní baálé kankan lẹ́yìn ara rẹ̀. Gbogbo ìyàtọ̀ tí a ń wá kiri wà nínú gbólóhùn yìí.

Ìlọrin, ìlú ibodè

Ìlọrin wà ní ibi tí ọ̀nà ilẹ̀ ọ̀dàn ti ń sún mọ́ ilẹ̀ igbó. Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, kẹ̀yìn sí Aláàfin ní nǹkan bí ọdún 1817. Ní àwọn ọdún 1820, àkóso bọ́ sí ọwọ́ àwọn ọmọ Ṣéù Àlímì. Bẹ́ẹ̀ ni ìlú náà ṣe di ibi tí Yorùbá, Fúlàní, Haúsá, Tápà àti àwọn mìíràn ti ń pàdé. Nínú àwọn Balógun mẹ́rin tí a mọ̀ ní Ìlọrin, ìyẹn Àjíkòbí, Àlànàmú, Fúlàní àti Gàmbàrí, orúkọ ti ìkẹyìn fúnra rẹ̀ ń sọ fún wa pé àwọn Haúsá ti fìdí múlẹ̀ níbẹ̀ pẹ́.

Kánún, ẹṣin àti awọ ń bọ̀ láti òkè. Aṣọ àti ọjà òyìnbó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀. A kò sì gbọdọ̀ fi bò pé wọ́n ń ta ènìyàn pẹ̀lú, àti pé orí ẹrú ni ọ̀pọ̀ ẹrù náà gùn. Ohun kan tún wà tí ó ń mú kí àwọn èrò òkè dúró ní agbègbè yìí: bí ènìyàn bá ti ń sún mọ́ igbó ni eṣinṣin tsetse ń pọ̀ sí i, àrùn tí ó sì ń fún ẹran a máa pa ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Láti ibẹ̀ lọ, orí aláàárù ni ẹrù yóò bọ́ sí.

Ẹni tí ó gbé ilé rẹ̀ dání

Àwọn oníṣòwò Haúsá kì í dá rìn. Ọ̀wọ́ ni wọ́n ń tò, wọ́n sì ń pe olórí wọn ní madugu. Òun ni ó mọ ọ̀nà, òun ni ó ń bá àwọn oníbodè sọ̀rọ̀, òun ni ó sì ń yan ibi tí wọn yóò sùn. Bí wọ́n bá dúró, wọn a sọ ẹrù kalẹ̀ lórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, wọn a fi igi àti koríko pa àgọ́, wọn a dáná. Zango ni wọ́n ń pe irú ibùsọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni ó di Zongo, orúkọ àdúgbò àwọn àlejò ní Lomé, ní Cotonou àti ní ọ̀pọ̀ ìlú ní ilẹ̀ Gánà.

Ìgbádùn wà nínú àgọ́. Ẹni tí ó sùn síbẹ̀ lè ṣí kúrò ní àfẹ̀mọ́júmọ́ láì tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹnikẹ́ni kì í bi í ní ohun tí ó wà nínú àpò rẹ̀. Ìdí iná ni wọ́n ti ń sọ ìròyìn ọ̀nà, ibẹ̀ ni ọmọ tuntun nínú òwò ti ń kọ́ ìṣirò àti èdè àwọn ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n àgọ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń tú ẹrù, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń dì í padà, ẹran sì ń jẹun yálà ọjà tà tàbí kò tà. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣọ́ ẹrù mọ́jú, ọ̀la ni onítọ̀hún yóò sì fi ara san oorun tí kò sùn. Bí òjò bá rọ̀, kánún yóò yọ́. Owó oníbodè kò sì yọ ẹni tí ó gbé ilé rẹ̀ dání sílẹ̀. Èyí tí ó wá burú jù ni pé ará àgọ́ kò mọ iye tí ọjà ń lọ nínú ìlú.

Ẹni tí ó wọ̀ sílé baálé

Ojú yìí ni ilé baálé ti wọlé. Àwọn Haúsá ń pè é ní mai gida, ìyẹn onílé. Àwọn onímọ̀ bíi Polly Hill ní ọdún 1966 àti Abner Cohen ní ọdún 1969 ti kọ̀wé nípa ètò náà bí ó ṣe wà káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àlejò kì í san owó yàrá. Baálé a fún un ní ibi tí yóò sùn àti ibi tí yóò kó ẹrù sí, ó sì lè fún un ní oúnjẹ pẹ̀lú. Baálé ni yóò wá oníbàárà, òun ni yóò ṣe ògbufọ̀. Bí wọ́n bá ta ọjà ní àwìn, òun ni onídùúró: bí ẹni tí ó rà á bá sá lọ, ọrùn baálé ni gbèsè náà yóò wà. Owó alágbàtà tí ó ń gbà lórí ọjà ni wọ́n ń pè ní la'ada ní èdè Haúsá. Láti inú ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí ó túmọ̀ sí àṣà ni ó ti wá. Èyí dára púpọ̀, nítorí ohun tí àṣà ti gbé kalẹ̀ ni àlejò ń san, kì í ṣe iye tí ó wu baálé ní ọjọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan là á yé wa. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000 owó ẹyọ. Ká ní àlejò kan ní ẹrù tí ó tó ọ̀kẹ́ ogún. Bí baálé bá gba ọ̀kan nínú ogún, mọ́kàndínlógún ni àlejò yóò kó lọ. Ẹnì kejì rẹ̀ tí ó sùn sí àgọ́ kò san nǹkan kan fún alágbàtà, ṣùgbọ́n ó ta ọjà náà ní àwìn fún ẹni tí kò mọ̀ rí. Bí ọ̀kan nínú àwọn tí ó rajà bá gbé ọ̀kẹ́ mẹ́ta sá lọ, mẹ́tàdínlógún ni yóò kù fún ará àgọ́, láì tíì ka oúnjẹ ẹran àti oorun tí kò sùn. Ẹni tí ó rò pé òun sùn lọ́fẹ̀ẹ́ ni ó sanwó jù.

Okùn tí ó wà lẹ́yìn àlejò

Ilé baálé ní ìnira tirẹ̀ náà. Àlejò tí ó jẹun ẹni kò lè dìde lọ nígbà tí ó wù ú. Nígbà tí Clapperton, ará Skọ́tílándì, dé Ọ̀yọ́ Ilé ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1826, Aláàfin gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó fún un ní ilé àti oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ó ju oṣù kan lọ kí ó tó rí ọ̀nà jáde kúrò níbẹ̀, nítorí pé ogun wà lọ́nà àti pé ọba kò tètè yọ̀ǹda rẹ̀.

Ìlọrin sọ irú okùn yìí di òfin ọjà. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn aláṣẹ ìlú kò fẹ́ kí oníṣòwò òkè kọjá lọ sí ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò fẹ́ kí ti ìsàlẹ̀ kọjá lọ sókè. Ìlọrin ni kí tọ̀tún tòsì ti pàdé, kí alágbàtà Ìlọrin sì wà láàárín wọn. Ann O'Hear, tí ó ṣe ìwádìí jinlẹ̀ lórí ọrọ̀ ajé ìlú náà, pè é ní àwùjọ alágbàtà. Dídúró àlejò ni ìlú ń jẹ.

Nígbà tí àlejò kò dúró mọ́

Ní oṣù Kejì ọdún 1897, ọmọ ogun Royal Niger Company ṣẹ́gun Ìlọrin. Ní ọdún 1908, ojú irin tí ó ti Èkó wá dé ìlú náà, ó sì dé Jẹ́bà ní ọdún 1909. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1912, ẹrù ti lè gba ojú irin láti Kánò dé Èkó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé e sọdá Odò Ọya ní Jẹ́bà kí wọ́n tó parí afárá ibẹ̀ ní ọdún 1916. Ilé tí ń rìn ti dé nìyẹn. Èrò lè sùn nínú ọkọ̀ ní Ìlọrin, kí ó jí ní ìlú mìíràn, láì bọ́ sílẹ̀ kí baálé kankan rí ojú rẹ̀. Owó alágbàtà Ìlọrin dínkù, ipò ìlú náà nínú òwò ọ̀nà jíjìn sì rẹ̀yìn.

Síbẹ̀, iṣẹ́ baálé kò parun. Ibi tí àlejò ń bọ́ sílẹ̀ sí ni ó ṣí lọ. Ní ọdún 1916, wọ́n dá Sábó sílẹ̀ ní Ìbàdàn fún àwọn Haúsá. Nígbà tí Cohen ṣe ìwádìí rẹ̀ níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, àwọn baálé ṣì ń gba oníṣòwò màlúù sílé, wọ́n ṣì ń dúró fún àwọn alápatà tí wọ́n ra màlúù ní àwìn. Rélùwéè lè gbé ẹrù yára, ṣùgbọ́n kò lè dúró fún ẹni tí kò ní owó lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀dọ̀ oníṣòwò tí ilẹ̀ ṣú bá ní Ọjà Tuntun. Bí ó bá sùn sínú ọkọ̀, ará àgọ́ ni. Ó wà nítòsí ẹrù rẹ̀, ó sì lè tètè lọ, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ni yóò fi san án. Àwọn awakọ̀ tírélà tí ń sùn lójú ọ̀nà Jẹ́bà mọ ohun tí mo ń sọ. Bí ó bá lọ sí ilé ìtura, yóò rí omi, ibùsùn àti ilẹ̀kùn tí ó ní kọ́kọ́rọ́. Ṣùgbọ́n ilé ìtura kì í ṣe ilé baálé. Wọn a kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, wọn a gba owó, ọ̀rọ̀ parí. Bí oníbàárà bá gbé ọjà rẹ̀ sá lọ ní ọ̀la, ilé ìtura kò ní í san gbèsè náà.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àlejò tó bá jọ òkété là á fi èkùrọ́ lọ̀. Ẹni tí ó mọ ọ̀nà, tí ó sì ní oníbàárà tí ó dá lójú, ọkọ̀ rẹ̀ tó o. Ẹni tí ara rẹ̀ kò le, kí ó má ṣahun owó yàrá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jẹ́ àjèjì sí ọjà, kí ó wá onídùúró kí ó tó wá ibùsùn, ì báà jẹ́ olórí ẹgbẹ́ ọlọ́jà tàbí ẹni tí òun àti rẹ̀ jọ ti ìlú kan náà wá. Ohun tí àwọn àlejò àtijọ́ ń rà pẹ̀lú owó alágbàtà nìyẹn.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Kí Elédùmarè mú gbogbo wa ti àjò dé láyọ̀.