Òru Tí Alímọ̀ṣọ́ Kò Sùn: Oṣù Kẹrin 2020

Ẹni tó bá wà ní Alímọ̀ṣọ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2020 kò ní í gbàgbé òórùn táyà tó ń jó. Ààrẹ Buhari ti pàṣẹ kónílé-ó-gbélé fún Èkó, Ògùn àti Àbújá láti aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta. Wọ́n ti ti iléèwé gbogbo pa. Akẹ́kọ̀ọ́ tó máa ń sùn sí họ́sítẹ́ẹ̀lì, tí ẹ̀ṣọ́ ọgbà ń ṣọ́ ọ, ti padà sílé òbí rẹ̀ ní Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá tàbí Ìgàndó. Nígbà tó yá, òun náà di ẹ̀ṣọ́.

Orúkọ tó wà lẹ́nu èèyàn ni One Million Boys. Ọ̀rọ̀ ń fò lórí WhatsApp pé wọ́n ti kọ lẹ́tà sí àdúgbò kan, pé wọ́n ń bọ̀ lóru. Láti Agége dé Ìyánà-Ìpájà, títí wọ ìhà Sáńgò ní ìpínlẹ̀ Ògùn, àwọn ọ̀dọ́ dáná sí oríta, wọ́n mú àdá àti igi lọ́wọ́, wọ́n sì ṣọ́nà mọ́jú. Àwọn ọlọ́pàá kó afurasí. Wọ́n ní àhesọ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, kí ará ìlú fọkàn balẹ̀.

Àwa tí à ń kọ́ gírámà mọ̀ pé àṣẹ ni “ẹ fọkàn balẹ̀”. Ìròyìn ni “ọkàn mi balẹ̀”, ẹni tó ni ọkàn ló sì lè sọ ọ́. Àhesọ lè pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ ariwo ní òpópónà kejì kò ní í torí ìkéde rédíò padà lọ sùn. Ohun tó fi í lọ́kàn balẹ̀ ni pé ó mọ ẹni tó jókòó sídìí iná.

Kì í ṣe nǹkan tuntun. Odi ló ń yí ìlú ńlá ká láyé àtijọ́, oníbodè wà lẹ́nu rẹ̀, àwọn ọdẹ ló sì ń ṣọ́ ìlú lóru. Ìgbẹ́ tán ní Èkó, orúkọ yẹn ò tán: ẹni tí kò pa òkété rí, tó ń lu òpó iná lóru kí a lè mọ̀ pé ojú òun là, ọdẹ là ń pè é. OPC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1994, náà ṣe irú iṣẹ́ yìí ní ọ̀pọ̀ àdúgbò. Àmọ̀tẹ́kùn gan-an, ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 2020 yẹn ni wọ́n ṣe ìfilọ́lẹ̀ rẹ̀ ní Ìbàdàn.

Ṣùgbọ́n Alímọ̀ṣọ́ kì í ṣe abúlé. Ètò ìkànìyàn 2006 ka èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ mẹ́wàá níbẹ̀. Ta ló lè mọ ojú gbogbo wọn? Ọmọkùnrin tó dirun, tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀ ṣú, tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ lójú pópó náà, ẹ̀rù àwọn tó ń ṣọ́nà lè bà á ju ti olè lọ. Àwọn tó ń yin òru wọ̀nyẹn kì í sábà dárúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ òfin náà. Táyà kò jó mọ́, ṣùgbọ́n géètì àdúgbò ṣì ń tì lálẹ́, ẹgbẹ́ onílé ṣì ń gba owó ọdẹ lóṣooṣù, akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà yàrá kan ní Ìgàndó náà sì ń san tirẹ̀.