Ìrìn Àjò àti Ìyípadà nínú Eré Olórin Hubert Ògúndé, 1944–1951

Bí ọpẹ́rà Bíbélì Hubert Ògúndé ṣe di kọ́ńsáàtì tí ijó àti ẹ̀fẹ̀ kún inú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí akọ̀tàn fojú fò. Ó rọrùn láti sọ pé ìjọba amúnisìn ni ó dẹ́rù bà á tí ó fi sá wọ inú àwàdà. Ṣùgbọ́n bí a bá to àwọn ọdún náà lẹ́sẹẹsẹ, àlàyé yìí kò dúró.

Ìjọ Aládùúrà kan ní Èbúté-Mẹ́tta ni ó bẹ Ògúndé, tí ó jẹ́ ọlọ́pàá nígbà náà, ní iṣẹ́ eré àkọ́kọ́. Wọ́n ṣe é ní Gbọ̀ngàn Glover ní Èkó ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà, ọdún 1944. Ní 1945 ó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, ó dá ẹgbẹ́ òṣèré tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi ìyanṣẹ́lódì gbogbogbòò ti ọdún náà ṣe eré Strike and Hunger. Nígbà tí wọ́n gbé eré yìí dé Jos ní 1946, ìjọba fòfin dè é.

Alárìnjó ti ń káàkiri tipẹ́, ṣùgbọ́n láàárín àwọn tí ó gbọ́ èdè rẹ̀ ni ó sábà ń ṣeré. Ògúndé kọjá ààlà yìí. Ní 1948 ó gbé King Solomon lọ sí Gold Coast, èyí tí ó di Gánà ní 1957. Àwọn oníṣòwò Yorùbá wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò tó èrò tí í kún gbọ̀ngàn ní alaalẹ́. Àwọn ọmọ ilẹ̀ náà kò gbọ́ Yorùbá. Kọ́ńsáàtì tiwọn, tí aláwàdà jẹ́ ọ̀gá inú rẹ̀, ni ó mọ́ wọn lára. Eré náà kò pa owó. Swing the Jazz ni Ògúndé fi rọ́pò rẹ̀: orin, ijó àti ẹ̀fẹ̀ tí ojú lè gbádùn láìsí ògbufọ̀. Èyí ni ó rí èrò. Òṣèré tí owó ẹnu ọ̀nà ni oúnjẹ rẹ̀ kò lè fi irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ṣeré.

Bí ó bá jẹ́ pé ìbẹ̀rù ni ó bí ẹ̀fẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ òṣèlú ì bá ti tán lẹ́nu rẹ̀ láti 1948. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 1949 àwọn ọlọ́pàá yìnbọn pa awakùsà èédú 21 ní Enugu. Ògúndé fi ṣe Bread and Bullet ní 1950, ìjọba sì fòfin de eré náà ní Kano ní 1951. Ọdún 1950 yìí kan náà ni ó sọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ogunde Concert Party.