Àṣìkọ tàbí Ìparadà? Ìtàn Háídrójìn Kan nínú DNA

Àwa olùkọ́ ẹ̀kọ́ èdè fẹ́ràn láti sọ pé lẹ́tà mẹ́rin péré, A, T, G àti C, ni a fi kọ DNA, ohun inú sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé àbùdá òbí fún ọmọ. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì, mo sì ti pe àyípadà inú rẹ̀ ní àṣìkọ. Ìtàn ọdún 1953 ló jẹ́ kí n tún èrò mi pa.

Erwin Chargaff ti fi hàn ṣáájú pé iye A àti T máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, bẹ́ẹ̀ náà ni G àti C. Síbẹ̀, ní Cambridge, James Watson ń gbìyànjú láti so A mọ́ A, T mọ́ T. Ìrísí tó bá nínú ìwé ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì ló ń lò. Jerry Donohue, ará Amẹ́ríkà tí wọ́n jọ wà ní ọ́fíìsì kan, ló sọ fún un pé àwọn ìwé náà fi átọ́ọ̀mù háídrójìn sí ibi tí kò yẹ nínú G àti T, àti pé ìdí tí wọ́n fi ń yà á bẹ́ẹ̀ kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Watson gé páálí ní ìrísí tuntun. Ní ọjọ́ 28 oṣù kejì, ó rí i pé A so mọ́ T, G so mọ́ C, ìbú méjèèjì sì dọ́gba. A ń rántí Watson àti Crick, a sì ti ń rántí Rosalind Franklin báyìí. Ní tèmi, a ṣì jẹ Donohue ní gbèsè.

Nínú ìwé ìròyìn Nature ti ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún ọdún náà, irú ìṣípò háídrójìn bẹ́ẹ̀ gan-an ni Watson àti Crick fi ṣàlàyé bí àṣìṣe ṣe lè wọ inú DNA. Bí háídrójìn kan lára A bá ṣí nípò nígbà ìdàkọ, A lè so mọ́ C dípò T. Nígbà ìdàkọ kejì, C yóò pe G wá. Ibi tí A àti T wà tẹ́lẹ̀ ti di ti G àti C nìyẹn. Sẹ́ẹ̀lì máa ń rí èyí tó pọ̀ jù nínú irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, á sì tún un ṣe. Èyí tó bá yọ́ kọjá lè di ogún ọmọ. Àbá ni ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ fún ọdún púpọ̀. Ní 2011, Wang, Hellinga àti Beese, ní Yunifásítì Duke, fi àwòrán hàn bí A àti C ṣe so pọ̀ nínú ẹ́ńsáìmù tí ń da DNA kọ, tí ìsopọ̀ náà sì jọ ojúlówó.

Adàwékọ, nígbà náà, kò ṣi ohunkóhun kọ. Ohun tó rí ló kọ. Àfi bí ìgbà tí àmì abẹ́ ‘ọkọ’ bá pòórá ní ìṣẹ́jú àáyá tí ó gbójú lé e, tí ó sì kọ ‘oko’. (Àfiwé náà ní ibi tó ti já: àwa ní Benin lè kọ ɔ níbi tí ará Nàìjíríà ti ń kọ ọ, kí ìró má yí padà. DNA kò gba irú àdéhùn bẹ́ẹ̀.) Mo ṣì ń lo lẹ́tà mẹ́rin náà ní kíláàsì, ṣùgbọ́n fún irú àyípadà yìí, ‘ìparadà’ ni mo ń sọ báyìí.