Aago Kan Náà, Oúnjẹ Alẹ́ Méjì

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Nínú kíláàsì Faransé tí mo mú pọ̀ mọ́ Yorùbá, ẹnì kan sọ pé ọ̀lẹ ni àwọn ará Sípéènì: wọ́n ń sùn lọ́sàn-án, aago mẹ́wàá ni wọ́n ń jẹ oúnjẹ alẹ́. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi gan-an ni mo rẹ́rìn-ín jù.

Ìgbà tó yá ni mo tú ìtàn rẹ̀ wò. Ẹ wo ìlú Hendaye ní Faransé àti Irún ní Sípéènì. Odò Bidasoa nìkan ló wà láàárín wọn, aago kan náà ni wọ́n sì ń lò. Síbẹ̀, bí Faransé bá ti jókòó ti oúnjẹ ọ̀sán ní aago méjìlá ààbọ̀, ará Sípéènì lè má jẹ tirẹ̀ títí aago méjì á fi lù. Lálẹ́, nǹkan bí aago méje ààbọ̀ sí mẹ́jọ ni ti Faransé. Ti Sípéènì, mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń sọ ni pé Franco ló fà á. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ìlà Greenwich gba inú Sípéènì kọjá, aago Greenwich ni wọ́n sì ń lò tẹ́lẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Kẹta 1940, ìjọba Franco ní kí aago mọ́kànlá di méjìlá. Ìdí nìyẹn tí oòrùn fi ń wọ̀ lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́ ní Galicia nínú oṣù Kẹfà.

Ẹ dúró ná o. Faransé ńkọ́? Ìlà yẹn gba inú tiwọn náà. Nígbà tí ọmọ ogun Jámánì wọ Paris ní oṣù Kẹfà 1940, aago Jámánì ni wọ́n gbé ka ìlú lórí, òun náà sì ni gbogbo Faransé ń lò títí dòní. Bí aago bá ló jẹ̀bi, kí ló dé tí àwọn méjèèjì ò jọ máa jẹun pọ̀?

Lójú tèmi, ibi iṣẹ́ ló yẹ ká wò. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé 1936 sí 1939, ìyà jẹ Sípéènì gidi. Owó iṣẹ́ kan kì í tó gbọ́ bùkátà, ọ̀pọ̀ ọkùnrin ń ṣe méjì: ọ̀kan láàárọ̀ dé ọ̀sán, èkejì láti ìrọ̀lẹ́ wọ alẹ́. Pluriempleo ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó kúrò níbi iṣẹ́ kejì ní aago mẹ́sàn-án, ìgbà wo ni kó jẹun? Ìyá mi tó máa ń ti ṣọ́ọ̀bù dé lóru mọ ìdáhùn yẹn dáadáa.

Oorun ọ̀sán ní tiẹ̀ ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú ọ̀rọ̀ Látìn fún wákàtí kẹfà ọjọ́ ni siesta ti wá. Faransé yá a, wọ́n sọ ọ́ di sieste. Àwọn náà ń sùn, àbí?

Àwọn ará Paris pàápàá ò dúró sójú kan. Dîner, tó jẹ́ oúnjẹ alẹ́ wọn lónìí, oúnjẹ ọ̀sán ni nígbà kan. Àwọn olówó ń sún un síwájú díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di ti alẹ́ ní ọ̀rúndún 19. Ní Québec àti Belgium, ọ̀pọ̀ ṣì ń jẹ dîner lọ́sàn-án. N ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe àwọn olówó yẹn ní ọ̀lẹ.

Mo lọ bá ẹni tó sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, mo rò ó fún un. Ó ní kí n lọ kọ ọ́ sílẹ̀. Òun náà rèé.