Oríta Pyruvate: Ohun Tí Àìsàn Ìkàrẹ́ Fi Kọ́ Àríwá Èkìtì

Ẹni tó bá ti Ìkọ̀lé gba ọ̀nà Ọ̀mùò yóò já sí Ìkàrẹ́ Àkókó. Ìlú yìí ni àìsàn kan ti bẹ́ sílẹ̀ lásìkò òjò ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990: ara ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ bíi ti ọ̀mùtí. Kì í ṣe àjèjì. Àwọn oníwádìí Wright àti Morley ti kọ nípa irú rẹ̀ lọ́dún 1958, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí-Èkìtì, sì kọ tirẹ̀ lọ́dún 1972. Èrò àpilẹ̀kọ yìí ni pé oríta kan nínú ara ni àìsàn náà ti ń ṣọṣẹ́: oríta pyruvate.

Pyruvate ni iyọ̀ ásíìdì kan tó ní kábọ́ọ̀nù mẹ́ta péré. Sodium pyruvate, lẹ́búlẹ́bú funfun tó ń yọ́ nínú omi, ni wọ́n fi ń bọ́ sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń tọ́jú nínú ìgò ní yàrá ìwádìí. Àmọ́ inú ara ni iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ sí. Bí iyán bá dà nínú, yóò di ṣúgà glucose. Glucose kan á sì di pyruvate méjì. Níbẹ̀ ni ọ̀nà ti yà. Bí ọ́síjìn bá tó, á di acetyl-CoA, èyí tí ara ń fi pèsè agbára. Bí kò bá tó, á di lactate nínú iṣan. Nínú ìwúkàrà tó wà nínú agbè ẹmu, ọtí àti afẹ́fẹ́ tó ń ru ìfófòó ló ń dà.

Ẹ́ńsáìmù tó ń sọ pyruvate di acetyl-CoA kò lè ṣiṣẹ́ láìsí fítámì B1, ìyẹn thiamine. Oníwádìí Rudolph Peters fi ẹyẹlé tí kò rí B1 jẹ ṣàfihàn èyí ní Oxford láàárín àwọn ọdún 1930: ṣe ni pyruvate ń gbá jọ sínú ọpọlọ wọn.

Kí ló wá pa B1 run ní Ìkàrẹ́?

Oníwádìí Adamolekun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ tọ́ka sí Anaphe venata, ìbátan kòkòrò tí a ń fi òwú rẹ̀ hun sányán, tí àwọn tí ẹran wọ́n fún ń sun jẹ. Lọ́dún 2000, ìwádìí fi hàn pé ẹ́ńsáìmù kan wà nínú rẹ̀ tó ń ba thiamine jẹ́, tí ooru iná kì í tètè pa. Oúnjẹ tó ń di ṣúgà, bí iyán, tí wọ́n fi jẹ ẹ́ ń da pyruvate sí oríta, B1 tí yóò ṣílẹ̀kùn kò sì sí. Ẹ̀rí tó lágbára jù ni ìdánwò ọdún 1994: àwọn tó gba thiamine sàn ju àwọn tí kò gbà á lọ.

Iyán kò jẹ̀bi, kòkòrò nìkan kọ́ sì ni ẹjọ́ náà; àìní ló kó wọn pọ̀. Kí àwọn ará Ọ̀yẹ́, Ìdó àti Ìkọ̀lé máa fi ẹ̀wà, tó ní B1, ti iyán lẹ́yìn. Kí B1 má wọ́n ní ilé ìwòsàn kankan lásìkò òjò, kí Yunifásítì Ọ̀yẹ́-Èkìtì, tó ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìkọ̀lé, sì ṣàyẹ̀wò àwọn kòkòrò tí à ń jẹ ládùúgbò.