Ohun tó yẹ kí onílé mọ̀ nípa fífi ẹ̀rọ amúlétutù 'split' sílé

Apá méjì ni ẹ̀rọ amúlétutù tí wọ́n ń pè ní 'split' ní: ọ̀kan lára ògiri nínú yàrá, èkejì níta. Páìpù bàbà méjì, wáyà àti rọ́bà tí omi ń gbà jáde ló so wọ́n pọ̀. Ihò kan ṣoṣo ni wọ́n máa lù sára ògiri.

Wákàtí díẹ̀ ni iṣẹ́ náà ń gbà, àmọ́ ẹ dúró ti ẹni tó ń ṣe é. Kó tó tú gáàsì sínú páìpù, ó gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ fa atẹ́gùn àti ọ̀rinrin inú rẹ̀ jáde. Àwọn kan máa ń fo èyí. Ẹ má gbà fún wọn o, torí ọ̀rinrin tó bá ṣẹ́kù lè ba kọ̀ńpírẹ́sọ̀ jẹ́.

Rọ́bà omi gbọ́dọ̀ dà gẹ̀rẹ́ síta, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, omi á máa kán sínú yàrá. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ náà ní wáyà iná tirẹ̀ àti wáyà 'earth'. Níbi tí iná kì í ti í dúró sójú kan, ẹ ra sitabiláísà.

Gáàsì kì í tán bí epo mọ́tò. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ máa rọ ọ́ lọ́dọọdún, ó ń jò níbì kan nìyẹn. Kí wọ́n dí i ná.

Èyí tó ṣe kókó jù: 'split' kì í fa atẹ́gùn tuntun wọlé. Ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ sítòsí fèrèsé tàbí sí kọ́rídọ̀ torí AC. Gáàsì olóró inú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, ó sì ń pa èèyàn lójú oorun.